Agbáwo, Agbọ́tí àti Àpò Ìlú

Ní alẹ́ ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 2020, Steve Sisolak, gómìnà ìpínlẹ̀ Nevada ní Amẹ́ríkà, pàṣẹ pé tó bá ti di ọ̀gànjọ́ òru, kí gbogbo ilé tẹ́tẹ́ dáwọ́ dúró nítorí àrùn kòrónà. Ilé tẹ́tẹ́ Las Vegas, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ náà, kì í tìlẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n ń sin Ààrẹ John F. Kennedy ní ọdún 1963, wákàtí mélòó kan péré ni wọ́n fi tì í. Lọ́tẹ̀ yìí, ọjọ́ 78 ni.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ bá kì í ṣe àwọn tó ni ilé tẹ́tẹ́. Agbáwo ni, alásè ni, àwọn tó ń po ọtí ni, àwọn tó ń fọ abọ́, àwọn tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Culinary, èyí tí wọ́n ń pè ní Local 226, ní ọmọ ẹgbẹ́ bí 60,000. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ló wà nílé. Nígbà tí oṣù Kẹrin fi máa pé, ó lé ní 30 nínú 100 òṣìṣẹ́ agbègbè Las Vegas tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ní gbogbo Amẹ́ríkà lóṣù yẹn kan náà, 14.7 nínú 100 ni. Àrùn kan náà ló jà, òfin tó jọra ni wọ́n ṣe, síbẹ̀ ìṣubú ìlú yìí ju ìlọ́po méjì ti orílẹ̀-èdè rẹ̀ lọ.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí dá lé: ohun tí iye àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-oúnjẹ àti ilé-ọtí lè sọ fún wa nípa ọrọ̀ ajé agbègbè kan, àti ibi tí iye náà ti lè ṣi èèyàn lọ́nà.

Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ebi kò ní dandan ni kí èèyàn jẹun níta. Nígbà tí owó bá há, owó ilé kò ṣeé dá dúró, owó iná kò ṣeé fi ṣeré, owó ilé-ìwé ọmọ ń dúró de bàbá àti ìyá. Ohun tó rọrùn jù láti gé kúrò ni ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì nílé ọtí, pẹ̀lú ẹran sísun tí wọ́n fi ń sin ọtí náà lọ́fun. Nígbà tí ọwọ́ bá sì tún dẹ̀, ibẹ̀ náà ni owó kọ́kọ́ ń gbà. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbani síṣẹ́ tún mú kí ó yá. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ra ẹ̀rọ, kó kọ́ ilé, kó tó pe òṣìṣẹ́ wọlé. Ilé-oúnjẹ lè gba agbáwo lónìí kó bẹ̀rẹ̀ lọ́la, ó sì lè ní kó máa lọ lọ́túnla.

Nínú iṣẹ́ mílíọ̀nù 20.5 tí ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé ó pòórá ní oṣù Kẹrin 2020, mílíọ̀nù 5.5 jẹ́ ti ilé-oúnjẹ àti ilé-ọtí. Ìyẹn lé ní ìdámẹ́rin. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kí àrùn tó dé, àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí kò tó ìdámẹ́wàá gbogbo òṣìṣẹ́ orílẹ̀-èdè náà.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ìṣirò náà ni Bureau of Labor Statistics. Lóṣooṣù, ó ń béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ àti ẹ̀ka ìjọba tó lé ní 100,000 pé èèyàn mélòó ló wà nínú ìwé owó iṣẹ́ wọn ní àsìkò ìsanwó tí ọjọ́ 12 oṣù bọ́ sí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù tó tẹ̀ lé e ni èsì ń jáde. Ilé-oúnjẹ àti ilé-ọtí ní nọ́ńbà tiwọn nínú ìwé ìpínsísọ̀rí, 722. Ti ilé-ọtí nìkan ni 7224. Ìṣirò kejì tún wà tí wọ́n ń fà yọ láti inú ìwé owó ìbánigbófò àìríṣẹ́ṣe tí àwọn agbanisíṣẹ́ ń san fún ìpínlẹ̀. Èyí máa ń pẹ́ kó tó jáde, àmọ́ iṣẹ́ tó lé ní 95 nínú 100 ló wà nínú rẹ̀, a sì lè fi wo agbègbè kékeré kan ṣoṣo.

Ohun tí ìṣirò náà kò sọ pọ̀. Ẹni tó ń gbé àwo ní ibì kan lọ́sàn-án, tó tún ń po ọtí níbòmíràn lálẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kà á nínú ìwé owó iṣẹ́. Ẹni tó ṣe wákàtí mẹ́fà lọ́sẹ̀ àti ẹni tó ṣe ogójì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, tó ń dá sè é tó ń dá tà á, kò sí níbẹ̀ rárá.

Ká wo inú ilé-oúnjẹ kan ní ọ̀sẹ̀ tí ọjà kò lọ. Ọ̀gá ibẹ̀ wo tábìlì, ó rí i pé mẹ́rin ló ní èèyàn nínú méjìlá. Kò lé ẹnikẹ́ni. Ó ní kí agbáwo méjì máa lọ sílé ní agogo mẹ́jọ dípò mọ́kànlá. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó yọ orúkọ ẹnì kan kúrò nínú iṣẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Nígbà tí alábọ́-fífọ̀ kan bá fúnra rẹ̀ kúrò, kò ní wá ẹlòmíràn, ọmọ tó ń gé ewébẹ̀ ni yóò máa fọ abọ́ mọ́ iṣẹ́ tirẹ̀. Títí di àsìkò yìí, iye orúkọ inú ìwé kò tíì fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ṣùgbọ́n owó tó ń wọ ilé àwọn òṣìṣẹ́ náà ti dín kù gan-an. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí fi máa ń wo iye wákàtí kó tó wo iye orí. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìgbàlejò àti fàájì ń ṣe bíi wákàtí 26 lọ́sẹ̀, nígbà tí àpapọ̀ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni ń ṣe bíi 34. Bí 26 yẹn bá ń yọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìyà ti ń jẹ ìlú kí ẹnikẹ́ni tó gba ìwé ìdádúró.

Ká tó padà sí Las Vegas, ká ya Elkhart, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Indiana. Agbègbè yìí ni wọ́n ti ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ oníyàrá tí ará Amẹ́ríkà fi ń rìnrìn àjò ìsinmi. Nígbà tí báńkì dẹ́kun yíyáni lówó ní 2008, kò sẹ́ni tó ń ra ọkọ̀ ìsinmi mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2009, ó lé ní 18 nínú 100 òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tí kò níṣẹ́. Ààrẹ Barack Obama kò tíì lo oṣù kan lórí àléfà tó fi lọ síbẹ̀, ní ọjọ́ 9 oṣù Kejì. Agbáwo pàdánù iṣẹ́ ní Elkhart náà, ṣùgbọ́n nítorí pé ẹni tó ń kan pákó mọ́ ọkọ̀ ti pàdánù tirẹ̀ ni. Òjìji ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ni ilé-oúnjẹ jẹ́ níbẹ̀: bí èkíní bá dìde, èkejì á dìde.

Ní Las Vegas, ilé-oúnjẹ àti ilé-ọtí ni ara gan-an. Kí àrùn tó dé, ó lé ní ìdámẹ́rin gbogbo iṣẹ́ ìlú náà tó jẹ́ ti ìgbàlejò àti fàájì. Àlejò mílíọ̀nù 42.5 ló wọ ìlú náà ní 2019; ní 2020, mílíọ̀nù 19. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé agbègbè máa ń pín iṣẹ́ sí ọ̀nà méjì: èyí tó ń fa owó wọ̀lú láti ìta, àti èyí tó kàn ń yí owó tó ti wà nílùú láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, ọ̀nà kejì ni ilé-oúnjẹ wà. Las Vegas gbé e sí ọ̀nà kìíní. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà kì í gba owó orí lórí owó oṣù ẹnikẹ́ni. Orí ọjà àti tẹ́tẹ́ ló ti ń rí ọ̀pọ̀ owó rẹ̀. Ọjọ́ tí agbáwo jókòó sílé, àpò ìjọba náà gbẹ.

Nítorí náà, iye agbáwo kò lè dá sọ̀rọ̀. Kí a tó fi díwọ̀n agbègbè kan, a gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ń san owó oúnjẹ náà: ṣé ará ilé ni, ṣé àlejò ni, ṣé owó epo ni, ṣé owó oṣù ìjọba ni?

Owó epo ló gbé wa dé Williston, ní ìpínlẹ̀ North Dakota. Ní 2010, èèyàn 14,716 ló ń gbé ibẹ̀. Ní 2020, wọ́n ti di 29,160. Epo rọ̀bì tí wọ́n ń fọ́ àpáta tó jìn lábẹ́ ilẹ̀ kí wọ́n tó rí fà jáde ló kó wọn wá. Awakọ̀ ọkọ̀ ńlá àti àwọn tó ń gbẹ́ kànga epo ń gba owó tí agbáwo kò lè rí lójú àlá, ta ni yóò wá dúró ti pẹpẹ oúnjẹ? Oníbàárà tò sẹ́nu ọ̀nà, òṣìṣẹ́ kò tó. Ẹni tó bá jókòó sí ọ́fíìsì tó jìnnà, tó ń wo iye òṣìṣẹ́ ilé-oúnjẹ nìkan, kò ní mọ bí ọjà ṣe ń lọ tó níbẹ̀. Kò mọ̀ pé owó ló pọ̀ jù. Nígbà tí àgbá epo kan tó ti ju 100 dọ́là lọ ní 2014 wá já wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 30 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2016, ọ̀rọ̀ yí bìrí: ọwọ́ òṣìṣẹ́ tó ń wáṣẹ́ dilẹ̀, tábìlì ṣófo.

Irú nǹkan báyìí ṣẹlẹ̀ ní gbogbo Amẹ́ríkà ní 2021. Owó tó ń wọlé fún ilé-oúnjẹ ti kọjá ti ìgbà tí àrùn kò tíì dé, àmọ́ iye òṣìṣẹ́ wọn kò padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀ títí di 2023. Agbáwo tí wọ́n lé ní 2020 ti rí iṣẹ́ mìíràn, ní ilé ìkẹ́rùsí tàbí níbi tí wọ́n ti ń gbé ẹrù kiri, kò sì fẹ́ padà wá.

Kàlẹ́ńdà náà máa ń ṣini lọ́nà. Ní oṣù Kẹsàn-án 2023, Gómìnà Gavin Newsom ti California buwọ́ lu òfin pé kí àwọn ilé-oúnjẹ ayára tó ní ẹ̀ka 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa san 20 dọ́là fún wákàtí kan, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin 2024. Kò pẹ́ tí àwọn kan fi ń pariwo pé òfin náà ti pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́, wọ́n fi iye oṣù Kìíní 2024 wé ti oṣù Kẹsàn-án tó ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún ni iṣẹ́ ilé-oúnjẹ máa ń dín kù nínú oṣù Kìíní, lẹ́yìn tí owó ọdún ti tán lápò. Wọ́n lo nọ́ńbà tí a kò tíì yọ ti àsìkò kúrò nínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn títí di òní lórí ohun tí òfin náà ṣe gan-an, ìjiyàn náà sì yẹ, àmọ́ nọ́ńbà oṣù Kìíní yẹn kò yẹ kó wà níbẹ̀ rárá.

Ohun kan tún wà tó yẹ kó dun ẹni tó bá ń ka orí òṣìṣẹ́. Láti 1991, owó tó kéré jù tí òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní kí wọ́n san fún agbáwo tó ń gba owó ọwọ́ oníbàárà jẹ́ dọ́là 2 àti sẹ́ńtì 13 fún wákàtí kan. Ohun tí oníbàárà bá fi sílẹ̀ lórí tábìlì ni wọ́n ní kó fi kún un. Ìpínlẹ̀ Nevada kò gba irú èyí láyè: owó kíkún ni wọ́n ń san, ti oníbàárà sì jẹ́ èlé. Ẹgbẹ́ Culinary ló tún gbé owó àwọn ọmọ rẹ̀ sókè ju ti òfin lọ. Ìlú yìí ni àwọn òṣìṣẹ́ bí 550 ti yanṣẹ́ lódì ní hótẹ́ẹ̀lì Frontier, láti oṣù Kẹsàn-án 1991 títí di oṣù Kejì 1998, òru àti ọ̀sán ni wọ́n fi ń yí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ká, tí ẹnì kankan nínú wọn kò sì kọjá wọlé lọ ṣiṣẹ́. Agbáwo kan ní ìpínlẹ̀ Mississippi, níbi tí òfin àpapọ̀ yẹn ti ń ṣiṣẹ́, àti agbáwo kan ní Las Vegas jọ jẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìwé ìṣirò. Ti Las Vegas lè fi iṣẹ́ náà ra ilé. Èkejì ń ka owó wẹ́wẹ́ kó tó wọ bọ́ọ̀sì.

Craig Fugate, tó darí ilé-iṣẹ́ ìdáhùn-sí-àjálù ní ìpínlẹ̀ Florida kó tó di ọ̀gá FEMA, irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀, ní 2009, kò tiẹ̀ dúró de ìwé ìṣirò. Ilé-oúnjẹ Waffle House, tí kì í tì tọ̀sán-tòru, ló ń wò. Lẹ́yìn ìjì líle, bí ẹ̀ka kan bá ń ta gbogbo oúnjẹ rẹ̀, àwọ̀ ewé ni: ìlú náà yóò yè é. Bí ó bá ń ta díẹ̀, ó ṣeé ṣe kí iná má sí, àwọ̀ ìyeyè nìyẹn. Bí ó bá tì, pupa ni, ibẹ̀ ni kí ọkọ̀ ìrànwọ́ sáré lọ. Kí ilé-oúnjẹ tó lè ṣí, iná, omi, ọ̀nà, ọkọ̀ tó ń kó ẹyin wá, àti òṣìṣẹ́ tó lè fi ilé sílẹ̀ gbọ́dọ̀ wà. Ohun márààrún ni ìlẹ̀kùn kan sọ fún un.

Ìbàdàn àti Èkó ńkọ́? National Bureau of Statistics ti Nàìjíríà fi hàn nínú ìwádìí iṣẹ́ ọdún 2023 pé ó lé ní 92 nínú 100 òṣìṣẹ́ orílẹ̀-èdè yìí tí iṣẹ́ wọn kò sí nínú ìwé kankan: kò sí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, kò sí owó ìfẹ̀yìntì. Ìbéèrè ọjọ́ 12 oṣù kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn.

Wo bùkà alámàlà ní Bódìjà, Ìbàdàn, ní bí agogo mọ́kànlá àárọ̀. Lẹ́yìn ilé, obìnrin kan ń ro àmàlà nínú èéfín, òmíràn ń pọ́n ọn sínú láílọ́ọ̀nù. Níwájú, ọ̀kan ń bu gbẹ̀gìrì àti ewédú, ọ̀kan ń ka ẹran: ṣàkì, pọ̀nmọ́, ẹ̀dọ̀, bọ̀kọ́tọ̀. Ọmọdékùnrin méjì wà nídìí abọ́. Ta ni òṣìṣẹ́ nínú wọn? Ẹni tó ń ro àmàlà ń gba owó ojúmọ́. Ẹni tó ń bu ọbẹ̀ jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá alámàlà, oúnjẹ àti owó ilé-ìwé ni owó iṣẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ìlérí pé wọn yóò ṣí ṣọ́ọ̀bù fún un lọ́jọ́ kan. Àwọn ọmọ ìdí abọ́ ń jẹun ọ̀sán, wọ́n sì ń gba ohun tí ọwọ́ bá bà. Inú orí ìyá alámàlà ni ìwé owó iṣẹ́ gbogbo wọn wà.

Nígbà tí ọjà bá dojú rú, kì í lé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹran ló ń gé kéré sí i. Ní oṣù Kẹfà 2024, oúnjẹ ti fi ohun tó lé ní 40 nínú 100 wọ́n ju bó ṣe wà ní ọdún kan ṣáájú. Ẹni tó máa ń ní kí wọ́n bu àmàlà mẹ́ta pẹ̀lú ẹran mẹ́rin wá ń ní kí wọ́n bu méjì, pọ̀nmọ́ kan. Èèyàn mẹ́fà náà ṣì wà nídìí iṣẹ́. Ní ilẹ̀ Yorùbá, inú abọ́ ni ó yẹ kí ẹni tó ń wá àtọ́ka ọrọ̀ ajé kọ́kọ́ wò, kó tó ka àwọn tó gbé abọ́ náà wá.

Àìsí nínú ìwé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣirò lásán. Nígbà tí agbáwo Las Vegas pàdánù iṣẹ́, ètò tó ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń sanwó fún un: owó àìríṣẹ́ṣe ìpínlẹ̀, pẹ̀lú 600 dọ́là tí ìjọba àpapọ̀ fi ń kún un lọ́sẹ̀ títí di ìparí oṣù Keje 2020. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún náà, Ààrẹ Nàìjíríà nígbà náà, Muhammadu Buhari, sé Èkó, Ògùn àti Àbújá mọ́. Ìwádìí orí fóònù tí National Bureau of Statistics ṣe láìpẹ́ sí i fi hàn pé 42 nínú 100 àwọn tó ń ṣiṣẹ́ kí àrùn tó dé ló ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró nítorí rẹ̀. Àwọn alásè òde wà lára irú èèyàn bẹ́ẹ̀, àwọn obìnrin tó ń da igi sábẹ́ ìkòkò ńlá láti òru ọjọ́ Ẹtì kí ayẹyẹ ọjọ́ Àbámẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbì kankan, kò sí ìwé tí ẹnikẹ́ni lè ṣí láti fi mọ ohun tó pàdánù.

Ìwé kan wà ní Èkó tí a lè fi bẹ̀rẹ̀. Láti 2009, òfin ìpínlẹ̀ náà ti ní kí hótẹ́ẹ̀lì, ilé-oúnjẹ àti gbọ̀ngàn ayẹyẹ máa gba 5 nínú 100 lórí owó tí oníbàárà bá san, kí wọ́n sì san án fún ìjọba. Bí ìjọba bá ń tẹ àpapọ̀ owó yìí jáde lóṣooṣù, ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, láìdárúkọ oníṣòwò kankan, a óò lè rí Ìkẹjà, Súrùlérè àti Lẹ́kí bí wọ́n ṣe ń dìde tí wọ́n sì ń rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ilé-oúnjẹ ńlá nìkan ni ìyẹn máa fi hàn. Fún àwọn bùkà, àfi kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní yunifásítì wa mú ìwé lọ́wọ́, kí wọ́n yan bùkà mélòó kan, kí wọ́n lọ sí ọ̀kan náà lóṣooṣù: iye èèyàn tó wà nídìí iṣẹ́, wákàtí tí wọ́n ṣe, iye abọ́, iye ẹran inú abọ́ kọ̀ọ̀kan, àti owó tí wọ́n tà á. Kí wọ́n ka ọmọ ẹ̀gbọ́n náà pẹ̀lú.

Kí wọ́n sì ṣọ́ra fún kàlẹ́ńdà tiwa. Ààwẹ̀ Ramadan ń fi bí ọjọ́ 11 sún wá síwájú lọ́dọọdún. Ní 2022, oṣù Kẹta ti parí kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ní 2025, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta gan-an ló bẹ̀rẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo oṣù náà. Ẹni tó bá fi ọ̀sán oṣù Kẹta 2025 ní bùkà Ìbàdàn wé ti 2022 yóò rò pé òṣì ti ta ìlú náà. Kó dúró di ìrọ̀lẹ́, nígbà ìṣínu, kó tún ka àwọn alákàrà, àwọn eléso àti àwọn ẹlẹ́kọ tí wọ́n ti kó ọjà síta, kó sì kọ agogo tó kà wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà náà.